Ewúrẹ́ Tí Mo Fi Ń Kọ́ni Ní "A" àti "The"

Ewúrẹ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní ẹran lára. Inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni mo bí i sí, ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo sì gbà pé ọ̀rẹ́ mi ni gbogbo ẹni tó bá ń bá mi jẹun. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú jù ni ọ̀rọ̀ kéékèèké tí àwọn òyìnbó máa ń fi ṣáájú orúkọ nǹkan, "a" àti "the". Wọ́n á fi "the" síbi tí kò yẹ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò níbi tó yẹ, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ni mo bá ronú kan ewúrẹ́. Mo ní, "Ẹ wò ó, ẹran kan yọjú sí àgbàlá yín. Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ ò sì mọ ẹni tó ni ín. 'A goat' nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ẹnu kan èlùbọ́ tí ìyá yín sá sóòrùn, ṣé ẹ ṣì lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ó ti di 'the goat' nìyẹn. Bó bá wà láàárín ọgọ́rùn-ún ewúrẹ́, ẹ óò nàka sí i." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọn kò sì gbàgbé mọ́.

Obìnrin kan wà tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, ibà dè mí mọ́lẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mójú tó kíláàsì mi. Mo fi ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi rán ọmọ sí i. Ó fi ewúrẹ́ mi kọ́ni. Inú alábẹ̀wò dùn, ó béèrè pé ta ló ro irú àpẹẹrẹ báyìí. Obìnrin náà ní, "Èmi ni, sà." Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti fi í ṣe olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo bí ewúrẹ́, èmi ni mo wá ń gbé ìwé lọ sí iwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kó bá mi fọwọ́ sí i.

Ó ti ṣe mí ní ohun kan ṣáájú ìyẹn, àmọ́ ìyẹn pẹ́ kó tó jinná. Nígbà náà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí kò fẹ́ kí wọ́n tètè lé òun lọ sílé, kóòtù ló máa ń gbà lọ láti lọ búra pé wọn kò tíì bí òun nígbà tí wọ́n bí òun. Gbogbo wa la ṣe é. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti obìnrin yìí lọ, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù kan náà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fi ọdún kan jù ú lọ. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ, ojú rẹ kéré. Ọdún mẹ́fà ni kí o yọ, yóò bá ọ mu. Èmi tí ojú mi ti gbó, ọdún mẹ́ta ti tó mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé èmi ni mo ra ẹ̀wà àti dòdò tí a jẹ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin mi mú mi wá sí Chicago, sí ilé wọn ní Uptown, kí n wá bá a wo àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ náà kì í gbélé. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, èmi ni mò ń bọ̀ wọ́n ní sọ́ọ̀kì, èmi ni mò ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ìwé nínú atẹ́gùn tó ń gé ni létí. Àwọn ọmọ náà á sì máa tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe. "Grandma, nobody says it like that." Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì.

Sátidé nìkan ni mò ń mí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní mọ́sálásí wa ní kí n máa kọ́ àwọn àgbàlagbà obìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì ní yàrá ìsàlẹ̀, àwọn tó wá wo ọmọ bíi tèmi, kí wọ́n lè dá dókítà lóhùn, kí wọ́n sì lè ṣe intafíù síítíṣẹ̀n. Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀dù funfun kan àti máákà. Ó yá mi lára láti sọ ọ́ báyìí: máákà yẹn nìkan ni ohun tó jẹ́ tèmi ní gbogbo ìlú yìí. Bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé, ọmọ mi ló ni ín. Kóòtù òtútù tí mò ń wọ̀, ọkọ ọmọ mi ti wọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti mú máákà, àwọn ìyá á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo kọ́ wọn ní "a", mo kọ́ wọn ní "the", ewúrẹ́ mi sì tún jẹ èlùbọ́ ní Chicago. Ìyá kan ṣáà ń bá mi jà lórí "in hospital". Ó ní ọmọ òun sọ pé "in the hospital" ni wọ́n ń sọ níbí, nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ òun. Mo ní kí nọ́ọ̀sì gbájú mọ́ abẹ́rẹ́.

Sátidé kẹrin, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú jíǹgí dúdú lójú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fi ọkọ̀ gbé e wá láti Plainfield, ìlú kan lẹ́yìn Chicago. Ó yọ jíǹgí. Mo dá a mọ̀ bí ẹni tó dá ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ó ní, "Háà, tíṣà. Ẹ ṣì wà?"

Mo ní, "Mo ṣì wà. Ẹ̀yin náà ò tíì lọ."

Ó sọ fún àwọn ìyá pé olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni òun ní Ìbàdàn, pé abẹ́ òun ni mo ti ṣiṣẹ́. Alhaja tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wo èmi, ó wo òun. Obìnrin tó fẹ́ràn àlàáfíà ni, ìyẹn ni pé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Bọ́ọ̀dù kan la ní. Ẹni tó bá dàgbà jù ni yóò máa kọ́ni. Àbúrò á máa bá a pa bọ́ọ̀dù rẹ́, á sì máa gbé fíláàsì tíì. Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Àwa méjèèjì ní, "Èmi ni," lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí fáìlì. Gbogbo wa la ti kọ fọ́ọ̀mù, obìnrin náà ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, a sì kọ ọjọ́ ìbí wa síbẹ̀ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ó wò ó, ó ní, "Ìyá Plainfield ló fi ọdún méjì jù yín lọ, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí ojú tó kéré ná mi.

Ọmọbìnrin mi, tó gbé mi wá, sáré tẹ ẹnu mọ́ mi létí. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan. Interview yín ń bọ̀. Ẹ má fi ẹnu yín ba green card jẹ́."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ̀ pé ọ̀nà wà láti sọ òtítọ́ láì sọ ọ́. Mo rọra ní, "Èmi ò fẹ́ jà. Mo kàn rántí pé lọ́jọ́ òmìnira, èmi ni mo gbé àsíá fún ilé-ìwé wa. Kíláàsì kẹfà ni mo wà."

Ìyá Plainfield ní, "Kíláàsì kẹfà? Èmi ti wà ní Form One. A wò yín láti ojú fèrèsé."

Irọ́ ni. Kò tíì lè de ìró ara rẹ̀ nígbà náà.

Akọ̀wé, tó jẹ́ akáńtáǹtì, ti ń fi ìka ṣírò. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Fọ́ọ̀mù yín, mà, ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni yín lọ́jọ́ òmìnira. Báwo lẹ ṣe dé kíláàsì kẹfà?"

Mo ní, "Orí mi pé."

"Ẹ̀yin, Ìyá Plainfield, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Form One?"

Obìnrin náà ní, "Wọ́n fò mí."

"Ó dà bíi pé wọ́n jù yín," ni ìyá kan sọ láti ẹ̀yìn. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ọmọbìnrin mi tó fi ọwọ́ bo ojú.

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí fọ́ọ̀mù mìíràn. Ó ní, "Alhaja alága, ṣebí ẹ ní ọmọ yín àkọ́kọ́ ti ń rìn nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀? Nítorí ohun tó wà níbí…"

Ẹ̀rín kú pátá. Ìyá tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò rẹ̀. Mo wo ojú àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí kóòtù nínú gbogbo wọn: tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, wọ́n ti búra tán.

Alága ní, "Akọ̀wé, di fáìlì yẹn. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni ọjọ́ orí. Kò sí ẹni tí yóò máa fi ẹnu bímọ nínú mọ́sálásí yìí."

Báyìí ni mo ṣe di àbúrò ẹni tí mo fi ọdún kan jù lọ. Alága ní kí n kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀. Ẹni méjì ló gbé mi dìde, nítorí pé orúnkún mi kò tíì gbọ́ nípa ọdún mẹ́fà tí mo yọ.

Sátidé tó tẹ̀lé e, obìnrin náà mú máákà mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíláàsì pẹ̀lú dọ́sítà. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ wò ó, ẹran kan yọjú sí àgbàlá yín."

Àwọn ìyá yíjú wò mí. Èmi náà ń wò wọ́n.

Kò yí nǹkan kan padà. Èlùbọ́ ló jẹ, oòrùn náà ni wọ́n sá a sí. Ó kọ "a goat" sí bọ́ọ̀dù. Mo rántí pé wọ́n ti yan iṣẹ́ fún mi, èmi kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Bó ṣe yọ ọwọ́, mo dìde, mo pa á rẹ́. Ó kọ "the goat". Mo pa á rẹ́. Ó kọ ìlà gígùn kan nípa dókítà. Nígbà tó dé ìparí rẹ̀, mo ti dé àárín.

Ìyá kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì da nǹkan kan kọ."

Mo ní, "Ẹ má bínú. Àbúrò ni mí, wọ́n ní kí n máa yára."

Ní Túsìdeé, ìyá mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line wá kan ilẹ̀kùn wa ní Uptown. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan dà kọ, ṣé mo lè bá àwọn tún un sọ. Mo lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì, mo fún wọn ní tíì, mo bẹ̀rẹ̀. Túsìdeé kejì, wọ́n di méje. Ọmọbìnrin mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mummy, bàtà ta ni gbogbo èyí?"

Mo ní, "Àwọn àlejò ni. Wọ́n ti jẹ èlùbọ́, a ti mọ̀ wọ́n."

Túsìdeé kẹta ni fóònù dún. Láti Plainfield ni. Mo gbé e sórí tábìlì, mo tẹ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tí o ń pa nǹkan rẹ́ lójú mi?"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń pè ní ìwọ?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹni méjì péré ló wá ní Sátidé. Ọ̀kan ti sùn. Ọmọ mi ní tí kò bá sí ẹni tí mò ń kọ́, òun ò ní máa wa ọkọ̀ wákàtí kan wá mọ́. Ilé yẹn tóbi, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà fún mi."

Mi ò tíì rò ó rí pé òun náà ní irú máákà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ mú mi. Mi ò jẹ́ kó mú mi tán.

"Kí ni mo jẹ́ sí ẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Òun gan-an ni mo fẹ́ gbé."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Fóònù yín ní Plainfield kò dára."

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kúnlẹ̀."

"Lórí fóònù?"

"Láti Ìbàdàn ni orúnkún rẹ ti ń dún. Màá gbọ́."

Àwọn ìyá méje gbé báírò sílẹ̀. A gbọ́ ìmí ẹ̀dùn, a gbọ́ aṣọ tó ń rọ́, lẹ́yìn náà nǹkan kan dún kọ́. Ìyá kan ní orúnkún ni. Òmíràn ní àga ni. Mo gbà pé orúnkún ni.

Mo ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ wo?"

Mo ní, "The goat."

Ó ní, "Tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣé mo lè dìde báyìí? Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó lè gbé mi."

Ọkàn mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jẹ́ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Sátidé yẹn, mo kó àwọn ìyá padà. Obìnrin náà ń kọ sí bọ́ọ̀dù, èmi sì dúró tì í pẹ̀lú dọ́sítà. Mo ka oókan dé ogún kí n tó pa á rẹ́. Ìdáríjì tí mo ní nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ni mo sì fún un. Túsìdeé wa ṣì ń lọ.