Kóòtù Onída Bàbá Jìnádù

Iná lọ lánàá, ọmọ ọmọ mi sì tan àbẹ́là sórí àwo. Bí ìda ṣe ń yọ́, tí òórùn rẹ̀ gba yàrá kan, ọkàn mi kò sí nílé mọ́. Ó ti lọ sí agbo ilé wọn Muinatu ní Ìta Fàájì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń kun kóòtù òjò rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Muinatu. A sin ín ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà ṣe ilé fún un.

Bàbá Jìnádù, bàbá rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àwọn òyìnbó láti Marina lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú omi. Ọ̀gá ọkọ̀ kan ló fún un ní kóòtù náà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó wúwo, òjò tó bá bà lé e á ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, á yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n ti rán an. Orúkọ àwọn tó rán an wà nínú ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn Bàbá ti jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀wé kà.

Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kùn ún, Bàbá á yọ́ ìda oyin lórí èédú, á fi àkísà pa á mọ́ ọn lára, á wá tẹ́ ẹ sóòrùn kí ìda lè wọlé dáadáa. Ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn apẹja ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún a máa fi òróró pa ìgbòkun ọkọ̀ kó lè gba atẹ́gùn. Tó bá gbó, wọ́n á gé e, wọ́n á fi bora nínú òjò. Oníṣòwò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù létí òkun rí i, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an ní ẹ̀wù tà.

"Ìjẹ̀bú ni ọkùnrin yẹn láàrin wọn," Bàbá á ní, "kò jẹ́ kí àkísà lọ lásán." Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, á pòṣé láti ìdí ààrò.

Òróró yẹn a máa gan nínú òtútù, a sì máa rùn, ni wọ́n bá fi ìda rọ́pò rẹ̀. Ọmọ gba òwò náà lọ́wọ́ bàbá, ọmọ ọmọ tún gbà á, àwọn sójà wọ ẹ̀wù náà lọ sójú ogun. Bàbá á wá wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án o. Omi tútù àti àkísà, ó parí."

Ìgbà òjò ni Bàbá kú. Muinatu ò bèèrè ilé, kò bèèrè yàrá. Kóòtù yẹn nìkan ló fẹ́. Ṣùgbọ́n lágbo ilé wọn, àbúrò òkú lọ́kùnrin ló ń kọ́kọ́ mú nínú aṣọ rẹ̀, Bọ̀dá Làmídì, àbúrò Bàbá, sì ti ní kóòtù lòun máa mú. Muinatu kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Obìnrin wo lo rí tó wọ kóòtù atukọ̀?" Bọ̀dá bi í. "Àbí o fẹ́ lọ wa ọkọ̀ ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Muinatu ò rín.

Àṣà wọn tún ni pé aṣọ òkú kì í kúrò nílé láìfọ̀. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ ku ọ̀la, èmi àti Muinatu lọ ra nǹkan sàráà ní Ìdúmọ̀tà. Àǹtí Sàlámótù, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó ti ilé ọkọ dé, tí kò sí níbẹ̀ rí lọ́jọ́ ìda, kó gbogbo aṣọ lọ sídìí kànga. Ká tó dé, ó ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú fọ kóòtù.

"Ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀ pọ̀," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. Àbúrò mi ò ní fi ẹ̀gbin sílẹ̀ lọ."

Muinatu la ẹnu. Ó wo ọwọ́ Àǹtí tó ti bó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí."

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Làmídì gbé kóòtù sókè, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ó da omi kọ́ọ̀pù kan lé e, omi náà já sí i lẹ́sẹ̀. "Àpò gààrí lẹ fún mi yìí," ó ní, ó sì jù ú sí Muinatu. "Gbà, ìwọ atukọ̀."

Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Ó fi imú sínú ọrùn kóòtù ńbi tí òórùn bàbá rẹ̀ ti máa ń wà, òórùn ọṣẹ ló bá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Bàbá, ìgbà yẹn ni mo tó rí i tó ń sunkún.

A ra ìda lọ́wọ́ ará Ọ̀yọ́ kan, àwa méjèèjì sì kùn ún. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó dà bí ara ẹni tó ń ṣe èélá. Ọdún ń gorí ọdún, ọwọ́ wa mọ́ ọn. Nínú kóòtù yẹn ni Muinatu ti ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà ní gbogbo ìgbà òjò, títí ó fi darúgbó. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi hàn wá lórí fóònù pé àwọn tó ń rán irú rẹ̀ ṣì wà, pé àwọn olówó ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, pé wọ́n sì ń gba èyí tó gbó láti tún kùn, ọmọ náà ní, "Màmá, ṣé ká fi ránṣẹ́ sí wọn?"

"Kí wọ́n lè lọ fọ̀ ọ́ fún mi?"

Wọ́n ti dí kànga yẹn báyìí, ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀. Agbo ilé ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Bọ̀dá Làmídì àti Àǹtí Sàlámótù ti lọ, n kò sì mọ ẹni tí yóò máa bá mi fa apá kóòtù dání nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ Muinatu, nígbà tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ síta láti pín in, òjò ṣú. Sidikatu ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ kóòtù náà, ó lọ ń kó àga àwọn àlejò wọlé. Àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò ó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kó bọ́ ọ.