Ìyàndá Olórí Ẹ̀ṣọ́ àti Ọ̀pá Tó Wọ Ilé Baálẹ̀

Ní ọdún kejì tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀, kò sí ilé tó tó ilé Baálẹ̀ ní Ìdí-Ahùn, abúlé ńlá kan lábẹ́ Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Àkàǹràn. Àgbàlá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń de ọ̀daràn mọ́lẹ̀, níbẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú àgbá ẹ̀tù ìbọn sí kí àwọn alárùú tó wá gbé e lọ sójú ogun. Ìyàndá ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Ìyàndá. Ó ti lọ sógun lẹ́ẹ̀mẹta kí ọta ìbọn tó ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí kò lè sáré mọ́, tí kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè, Baálẹ̀ fi í ṣe olórí ẹ̀ṣọ́. Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ arọ ni, pé kó ṣáà jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa jẹ obì. Wọn ò mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ẹni tó bá mú àdá wá, ẹnu ọ̀nà ni yóò fi í sí. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, Ìyàndá gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i kó jáde.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí olóyè bá rán ènìyàn níṣẹ́, ọ̀pá oyè rẹ̀ ni oníṣẹ́ náà ń gbé wá, wọ́n á fi aṣọ wé e. Ẹni tó rí ọ̀pá ti rí olóyè: yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, yóò sì dojú bolẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi kọjá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kí wọ́n tú aṣọ náà wò. Ìyàndá kò kọ ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe òfin kan: bí àwọn yòókù bá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan yóò wà lórí ìdúró.

“Ẹni tó dojú bolẹ̀ kò mọ ẹsẹ̀ tó ń kọjá,” ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀pá Ọ̀tún Baálẹ̀, igbá-kejì Baálẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Wándé ló kàn láti dúró. Ó dúró ṣánṣán bí òpó. Nígbà tí Ọ̀tún gbọ́, ó fi ìbínú wọ ilé Baálẹ̀.

“Ẹ̀ṣọ́ lásánlàsàn dúró lé mi lórí! Ọ̀pá tèmi lónìí, tiyín ló kàn lọ́la!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Baálẹ̀ létí. Ó pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀ṣọ́ ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò pinnu bóyá Ìyàndá yóò máa ṣiṣẹ́ lọ tàbí yóò padà sóko.

“Ẹ gbé àkùkọ lọ bẹ Ọ̀tún,” ni Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ wí. “Oko wo ni ẹ fẹ́ fi orúnkún yẹn ro?”

“Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbà,” ni Ìyàndá dáhùn. “Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà á ṣí sílẹ̀ gbayawu.”

Lọ́jọ́ kejì ó tiro lọ sí Àkàǹràn, lọ́dọ̀ Gàfárù àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ahunṣọ ni Gàfárù, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó mọ̀ ọ́n ní Ìdí-Ahùn. Nígbà tó gbọ́ ohun tí àna rẹ̀ fẹ́ kó ṣe, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

“Bàbá Mùjíbátù, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ́ mi lórí ni?”

“Kò sẹ́ni tí yóò rí orí rẹ. Ilẹ̀ ni wọn yóò máa wò.”

“Bí ẹnìkan bá gbójú sókè ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé Ọ̀tún ló jàre. Màá sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ọ.”

Ọjọ́ ọjà pé. Ìyàndá pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé bí ọ̀pá bá dé, kí gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ bí Baálẹ̀ ti wí, títí kan Lìádì tó ń ṣọ́ ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní àgbàlá kẹta. Ọ̀tún ti dìde.

“Ẹ wá wo nǹkan,” ni Ọ̀tún wí. “Arọ ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdúró!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Etí Ìyàndá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ ni ohùn Wándé ta láti ìta: “Ọ̀pá ọ̀gágun dé láti Ìbàdàn o!”

Bí ọ̀pá náà ti yọ sí àgbàlá, gbogbo wọn wó lulẹ̀. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ pàápàá sọ̀ kalẹ̀ lórí awọ, ó forí kanlẹ̀. Ìyàndá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó dojú bolẹ̀ bíi tiwọn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó rọra ń bọ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró. Nǹkan kan tó wúwo balẹ̀ láàárín wọn.

“Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá,” ni ohùn kan wí.

Wọ́n gbórí sókè. Àgbá ẹ̀tù kan ló wà láàárín ìgbìmọ̀, Gàfárù sì dúró tì í.

“Ta ló gbé ẹ̀tù wá síbí?” ni Baálẹ̀ bèèrè.

“Èmi ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti dojú bolẹ̀. Mo fò ó kọjá ni.”

“Iṣẹ́ wo ni ọ̀gágun rán ọ?”

Gàfárù tú aṣọ aláàrì tó wà lára ọ̀pá náà. Ọmọ odó ni, iyán àná ṣì gbẹ mọ́ ọn ní ìdí.

“Èmi ni mo rán an, Baba,” ni Ìyàndá wí. “Ahunṣọ ni, òwú nìkan ló mọ̀. Ká ní ọ̀tá ni, tó mú ẹ̀yinná kan ṣoṣo lọ́wọ́, ta ni ì bá dìde nínú wa?”

Baálẹ̀ fọwọ́ nu iwájú orí, ó wo erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀.

“Ọ̀tún! Ọmọ odó la dọ̀bálẹ̀ fún!”

Jagunjagun ni Ọ̀tún náà, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

“Ogún ọdún ni mo fi jagun,” ló wí, “ọ̀tá kankan ò mú mi dojú bolẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó sì wá to ẹ̀ṣọ́ ilé tèmi náà.”

Baálẹ̀ pa á láṣẹ pé kí ẹ̀ṣọ́ kan máa wà lórí ìdúró, kí wọ́n sì máa tú aṣọ ọ̀pá wò lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ọ̀pá òun fúnra òun. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi wọ Ìyàndá.

“Ṣé mo lè máa lọ báyìí?” ni Gàfárù bèèrè. Ẹ̀rín tún sọ.

Kí ọdún náà tó parí, baálẹ̀ mẹ́ta ní agbègbè Ẹgbẹ́dá ti ránṣẹ́ pé kí Ìyàndá wá to ẹ̀ṣọ́ àwọn. Nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹṣin ló ń gùn lọ. Ọ̀tún ló ni ẹṣin náà. Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra, Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ló gbé e gùn ún, lójú gbogbo ọjà.