Ẹni Tó Ń Kí Mi Káàbọ̀ Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Òórùn kánfọ̀ àti ti igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ló máa ń pàdé mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo gbé ní Benin, lẹ́bàá Siluko Road, lọ́dún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Igi jẹ́ ti káfíńtà iwájú ilé. Kánfọ̀, n kò mọ ibi tó ti ń wá. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: bóo rí èèyàn, bóo ò rí, tóo bá ti wọlé, o gbọ́dọ̀ kí ilé. Bí mo ti ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ké pé, "Ẹ kú ilé o!" Ohùn ìyá kan dáhùn láti yàrá ìparí, lẹ́yìn kọ́tìnì aláwọ̀ ewé: "Káàbọ̀, ọmọ mi." Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ta ni kò ní í yọ̀ tó bá gbọ́ Yorùbá nílùú tí kò ti mọ ẹnì kan? Mo rò pé ara ìyá náà kò yá ni kò ṣe ń jáde. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáhùn, gbólóhùn kan náà, kò lé, kò dín.

Nílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. A dé orí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń so orúkọ nǹkan mọ́ iṣẹ́ tí nǹkan náà ṣe, láti fi júwe nǹkan mìíràn: ohun tí ọwọ́ ṣe ni hand-made, aṣọ tí kòkòrò jẹ ni moth-eaten. Mo ní kí kálukú fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ márùn-ún júwe ohun kan tó mọ̀ dáadáa. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó gbọ́ èdè wa ketekete, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ilẹ̀kùn ló júwe: hand-carved, termite-eaten, curtain-covered, camphor-scented. Ìkarùn-ún ni Daddy-nailed. Mo rẹ́rìn-ín, mo pè é.

"Ilẹ̀kùn wo nìyí?"

"My mummy's room, ma. Our old house, near Siluko Road, behind the carpenter. The curtain is green."

N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, n kò kí ẹnikẹ́ni. Mo ká kọ́tìnì náà sókè. Pákó méjì ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn náà pa, ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà. Orí mi wú. Onílé wa, ìyá Edo kan, ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Mo bi í ta ló wà nínú yàrá yẹn.

"Nobody dey there o. The woman don die reach two years. Na her husband nail am, make the pikin no dey go cry for there."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà sọ fún mi pé "Ẹ kú ilé" nìkan ni ìyá òun máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun lórí àìsàn, "Good afternoon" ni òun sì máa ń sọ. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, inú ń bí ọmọ náà, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn láì kí wọn rárá. Láti ìgbà náà, ó kàn fẹ́ lọ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà. Ẹkún ló fi parí ọ̀rọ̀ náà. N kò sọ ohun tí mo ti ń gbọ́ fún un.

Ẹni tó gbọ́n ì bá ti kó jáde nílé yẹn. Èmi mú ọmọ náà lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú kọ́tìnì, ó ní: "Ẹ kú ilé, Mọ́mì." Ayùn káfíńtà dákẹ́. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Kọ́tìnì náà kàn mì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́. Ọmọ náà gbórí sókè, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo bi í pé kí ló gbọ́.

"She said káàbọ̀, ma." Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ síbi tí mo máa ń kúnlẹ̀ sí, mo kí ilé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òórùn kánfọ̀ ti lọ. Èmi tí ẹ̀rù bà tẹ́lẹ̀, mo tún kí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dùn mí wọra, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé gbogbo "ọmọ mi" tí mo ti ń jẹ́, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè.

Lónìí, bí àwọn ọmọ mi bá wọlé, n kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá láì kí ilé. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mo ń kọ́ wọn.