Ẹran Tí Àbúrò Bàbá Mi Kò Jẹ

Tí mo bá ti gbóòórùn irun àgbò nínú iná, ọ̀sán Iléyá kan ní Muṣin ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé ẹran lọ fún àbúrò bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ọya dé.

“Ta ló pa á?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Ẹni tó ń dìbò bíi bàbá rẹ kì í ṣe Mùsùlùmí. Gbé e kúrò.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé, lójú àwọn kan, ẹni tí wọn ò bá jẹ ẹran tó pa, wọ́n lè pa òun náà.

Olóṣèlú kan tó wá kí wa gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní fún bàbá mi: “Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ níbí ò dà bíi ti ibòmíràn. Ẹnu nìkan ni wọ́n ní.”

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọ̀bẹ Iléyá, ó tì í mọ́nú àpótí. Nígbà náà, mo rò pé kí n má baà fi gé ọwọ́ ni.