Èèpo Ewùrà Àǹtí Ràfátù

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo sì gbọ́ tí aládùúgbò ń rin ewùrà lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ mi á ti máa yún mi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ẹ ò mọ bí páànù tí a fi ìṣó dá lu ṣe ń fojú ọmọdé rí màbo.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá wa, kì í tètè wa ewùrà tirẹ̀. Ó dìgbà tí ewé rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, tí ọyẹ́ ti ń mú ètè là. Àsìkò yẹn náà ló máa ń kó àwọn òdòdó rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí pálọ̀, òdúndún àti rinrin nínú abọ́ tánganran tó ti jò. Á fi àkísà tútù nu eruku ojú ewé wọn bí ẹni ń nu imú ọmọ, á sì ri èèpo iṣu mọ́ ìdí wọn. "Ẹran tiwọn nìyẹn," ni yóò wí.

Ewùrà ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Inú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Ìyá rẹ̀ ló gbé èbù rẹ̀ wá láti Ibefun nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, kò sì sẹ́lòmíràn tó tún ní in mọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn orí tó kó pamọ́ sí igun ilé ìdáná fún gbígbìn. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá jẹ èbù, ọ̀la ló jẹ."

Lọ́dún kan, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an làwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà Àǹtí Ràfátù, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, ya wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìjẹ̀bú wo ni yóò jẹ́ kí àna lọ láìjẹ ìkọ́kọrẹ́? Ewùrà jíjẹ sì ti tán. Àǹtí wọ̀tún, ó wòsì, ló bá kó gbogbo èbù náà, ó ń bẹ ẹ́ bàràbàrà. Àwọn àna fẹ́rẹ̀ẹ́ lá ìkòkò.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó jókòó sórí àpótí, omijé sì lé sí i lójú. Ó dùn ún gan-an. Ó mú èèpo kan tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó ní, "Ràfátù, ṣé èèpo lo bẹ ni àbí iṣu?" Ó tún ní, "Kí wọ́n má dá ọ padà fún mi o. Orí ewùrà ìyá mi ni wọ́n fi fẹ́ ọ." Ẹ̀rín ń gbọ̀n wá, a ò sì gbọdọ̀ rín in. Ó ṣa èèpo náà, ó rì í mọ́ ìdí òdúndún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, nǹkan kan yọ láàárín òdúndún, ó ń gun igi fèrèsé. A rò pé èpò ni. Ìyá Àgbà fọwọ́ tọ́ ọ, ó rí i pé igun mẹ́rin ni ìtàkùn rẹ̀ ní, bíi ti ewùrà. Ó pe gbogbo ilé jọ.

"Ẹ wá kí ìyá mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Ilé yẹn ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbi tí ilé ìdáná wà. Ewùrà náà ṣì ń gun fèrèsé mi, àwọn àlejò sì máa ń bi mí pé òdòdó wo nìyí. Àǹtí Ràfátù pàápàá ti di ìyá àgbà. Tó bá wá kí mi lásìkò ọyẹ́, ó ṣì ń bẹ iṣu bí ẹni ń gbẹ́ ọpọ́n. Ìkòkò òdòdó ni mo máa ń gbé sún mọ́ ọn.