Aṣọ Iléèwé Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ mẹ́ta jáde nílé láàárọ̀, kó fi ohun tí wọn ò rí rí hàn wọ́n, kó sì kó wọn padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú láìjẹ gbèsè, kó lọ bá Tíṣà Adédọ̀tun ní Ìlaró. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó o. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ níwèé ní Ayétòrò kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí họlidé ńlá kan nínú ọdún wọ̀nyẹn tí kò kó ará ilé rẹ̀ lọ síbì kan. Wọ́n ti gun Olúmọ. Wọ́n ti lọ wo kìnnìún ní Ìbàdàn, nígbà tí kìnnìún ṣì lókun nínú. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbé agbọ̀n oúnjẹ nígbà tó wà láyé, òun náà ló sì máa ń sọ pé, "Tíṣà, ọjọ́ kan lẹ máa fi ìṣirò pa wá."

Oúnjẹ ilé ni wọ́n máa ń gbé dání, nítorí ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà irú ibi bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ ẹ, kò sì ní ṣàánú ẹ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Ọmọ tó bá kéré á jókòó sórí itan, kò ní sanwó. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ Tíṣà nínú jù ni ti aṣọ iléèwé. Níbi púpọ̀ tó ti mú wọn dé, ìdajì owó ìwọlé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé, bí ọmọ bá sì ti wọ yunifọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, họlidé ni o, ọdún ni o, yunifọ́ọ̀mù tí a fọ̀ tí a sì lọ̀ ni àwọn ọmọ ilé Tíṣà fi ń jáde lọ gbafẹ́.

Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ẹ̀yin ọmọ Tíṣà, ṣé ọ̀run náà lẹ máa wọ yunifọ́ọ̀mù lọ?"

Tíṣà á ní, "Bí wọ́n bá ń gba owó ìwọlé níbẹ̀, kí ló dé?"

Ìṣó kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó máa ń fi tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ibi tí wọ́n lọ gún mọ́. Wọ́n ti nípọn bí àtẹ́lẹwọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti bodè pa. Kòkúmọ́, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Tíṣà, ló ń fi mọ́tò kó èrò láti Ìdírókò lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Òdìkejì ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n tì í. Ó ní òun ò lè fi mọ́tò sílẹ̀ fún olè, pé bó pẹ́ bó yá, kò ní ju oṣù kan lọ. Ó fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi rán ẹni tó ń gba inú igbó kọjá. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, wọn ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ̀, obìnrin kan ló ń fi Faransé dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́. Tíṣà pe nọ́ńbà yẹn títí ọ̀rọ̀ obìnrin náà fi há a lórí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ìjọba tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí àwọn ìlú tó sún mọ́ bodè mọ́. Owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ kan. Owó ìfẹ̀yìntì Tíṣà, tó ti máa ń pẹ́ lọ́nà tẹ́lẹ̀, kò wá tó ra ìrẹsì mọ́. Dinah, ìyàwó Kòkúmọ́, lọ sí Agosásà láti máa bá àwọn èèyàn hú gbágùúdá, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà: Jemima, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Túnbọ̀sún tó jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, Dinah wá sílé, òun àti Tíṣà jókòó sí pálọ̀, wọ́n pín àwọn ọmọ. Kò sí orúkọ mìíràn tí èèyàn lè pe ohun tí wọ́n ṣe. Túnbọ̀sún máa lọ bá Ògúnníyì, àbúrò Dinah, tó ń fọ tírélà ní Ìbéṣè. Ọ̀ṣúnkẹ́mi máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí Agosásà. Jemima ni wọ́n fún Ìyá Àṣíáwù, obìnrin Ìlóbí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìyànà-Ìbà l'Ékòó, tó ń wá ọmọbìnrin tí yóò ràn án lọ́wọ́ kí ọjà Kérésì tó gbóná. Ó ní òun á fi í síléèwé. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣáájú Kérésì ni wọ́n fi àdéhùn sí.

Tíṣà wá ní òun fẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí àwọn ọmọ náà fi Sátidé jáde pọ̀, kí wọ́n jẹun pọ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí òun tó sọ fún wọn tí wọ́n bá dé lálẹ́. Jemima pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó dìgbà yẹn. Àgbádárìgì ló kù tí òun ò tíì mú wọn dé: ilé tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ayé ẹrú sí, àti etí òkun. Dinah wò ó. "Bàbá, owó dà?"

Owó wà. Ìyá Àṣíáwù ti fún Tíṣà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kó fi ra bàtà àti aṣọ fún Jemima. Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíṣà fi ń yí owó náà wò. Ó ra bàtà. Kò ra aṣọ. Owó aṣọ ló di owó ọkọ̀. Ó sọ fún Jemima pé bàtà Kérésì ni, ọmọ náà sì fi rìn káàkiri pálọ̀ títí ó fi sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn ọmọ ń là. Ẹ̀kọ àti àkàrà ló wà nínú kúlà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi jókòó sórí itan Tíṣà, àwọn méjì yòókù fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ibi àyẹ̀wò méjì ni wọ́n kọjá láìsí wàhálà. Ní ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n kọjá Ìlóbí, obìnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba yọjú sínú bọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n, mádáàmù."

"Iléèwé wo ló ń wọlé lọ́jọ́ Sátidé, tí gbogbo Nàìjíríà ti wà ní họlidé?"

"Iléèwé kọ́. A ń lọ gbafẹ́ ní Àgbádárìgì ni. Ìdajì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù."

Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń gbafẹ́, nígbà tí èèyàn ò rí epo rà? Bàbá, mo ti wà lójú ọ̀nà yìí láti oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọmọ gbé kọjá, yunifọ́ọ̀mù ló ń wọ̀ fún un, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ iléèwé pé níbo ló ń lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Dírẹ́bà ti yí kọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Owó mi ńkọ́?"

"Owó wo? Mọ́tò ti rìn, bàbá. Owó yín ti jó mọ́ epo."

Obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání lẹ́yìn ọkọ̀ pariwo pé, "Èyí tẹ́ ẹ gbé sórí itan, tẹ́ ẹ ò sanwó ẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa gba ṣéńjì ìyẹn náà ni?" Ẹ̀rín tún sọ. Bọ́ọ̀sì lọ.

Abẹ́ tapólì kan ni wọ́n mú wọn jókòó sí. Obìnrin aláṣọ ìjọba náà kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lóṣòó níwájú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Túnbọ̀sún sọ pé Àgbádárìgì ni àwọn ń lọ. Jemima sọ orúkọ, ó sọ kíláàsì, ó sọ orúkọ bàbá wọn, ó ní Kútọnu ni bàbá wọn wà. Obìnrin náà gbójú sókè nígbà tó gbọ́ Kútọnu. Ó wá yíjú sí Ọ̀ṣúnkẹ́mi.

"Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Níbo lẹ ń lọ?"

"Àǹtí, lónìí, a ń lọ wo ilé ẹrú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa kó wa fún èèyàn."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn.

"Ta ni wọ́n máa kó yín fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi Jemima, fún ìyá kan l'Ékòó. Túnbọ̀sún, fún Bọ̀ọ̀dá Ògúnníyì, kó máa fọ tírélà. Èmi, mi ò tíì tóbi tó."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo ń sùn, mo sì gbọ́ wọn."

Jemima yíjú sí Tíṣà. Ó wò ó bí ọmọ ṣe ń wo àgbà tó fẹ́ kó sọ pé irọ́ ni.

Obìnrin náà dìde. "Bàbá, ṣé irọ́ ni ọmọ yìí ń pa?"

Tíṣà Adédọ̀tun ti na ọmọ fún irọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ní, "Kò parọ́."

"Ìyá Èkó náà, ṣé ó fún yín lówó?"

"Owó bàtà àti aṣọ ni."

"Mo rí bàtà. Aṣọ dà?"

Jemima wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wo kúlà, ó sì wo ojú títì tí bọ́ọ̀sì gbà lọ.

"Bàbá," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, "ṣé owó mi la fi wọkọ̀?"

Tíṣà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà ní kó pe ìyá àwọn ọmọ, pé láìrí ìyá wọn, wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Agosásà kò dára. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló pè kí Dinah tó gbé e. Nígbà tó di ọ̀sán, Tíṣà ṣí kúlà. Túnbọ̀sún àti àbúrò rẹ̀ jẹ ẹ̀kọ. Obìnrin aláṣọ ìjọba ra omi inú ọ̀rá fún wọn. Jemima kò jẹun, kò mumi. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e sórí kúlà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iyẹ̀pẹ̀.

Túnbọ̀sún bèèrè pé, "Bàbá, ṣé wọn ò ní ti ilé ẹrú náà kí á tó débẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀," ni Tíṣà wí.

Aago méjì kọjá kí ọ̀kadà tó gbé Dinah dé, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó fi fọ́tò àwọn ọmọ inú fóònù rẹ̀ han obìnrin náà. "Èmi ni mo bí wọn. Bàbá ọkọ mi lẹ dá dúró yẹn."

"Ṣé ẹ mọ̀ nípa ti Mọ́ńdè?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fọwọ́ sí i?"

"Mádáàmù, ẹ bá mi ṣí bodè, mi ò ní fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà yọ bírò. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé, ó kọ ti Ìyá Àṣíáwù, ó gba nọ́ńbà Tíṣà. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí mo bá rí pẹ̀lú ọmọ yìí lójú ọ̀nà yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá dá a dúró. Màá sì pè yín."

Bí wọ́n ṣe padà sílé nìyẹn láìsí tíkẹ́ẹ̀tì kankan tí wọ́n máa gún mọ́ ìṣó. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni Jemima jókòó sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Tíṣà pè é sí pálọ̀.

"Jemima, bínú sí mi. Ó tọ́ sí mi."

"Mi ò bínú, sà."

Bàbá ló ti ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Àwọn tíṣà iléèwé ló ń pè ní sà.

Aago méje òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni mọ́tò Ìyá Àṣíáwù dé. Dinah di ẹrù ọmọ rẹ̀ sínú àpò gààrí. Jemima jáde láti inú yàrá pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ó sì wọ bàtà tuntun.

Ìyá Àṣíáwù rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, họlidé ni o! Lọ pààrọ̀ aṣọ."

"Wọ́n ní ẹ máa fi mí síléèwé, mà. Mo ti múra."

Kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà, ó di Ọ̀ṣúnkẹ́mi mú fún ìgbà díẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn mọ́tò.

Tíṣà jókòó sábẹ́ ìṣó tíkẹ́ẹ̀tì, fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nínú ìṣirò rẹ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n á ti dé abẹ́ tapólì yẹn. Ní Sátidé, gbogbo àdúrà rẹ̀ ni pé kí obìnrin náà jẹ́ kí àwọn kọjá. Ó ń gbàdúrà báyìí pé kó má jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mọ́tò iléèwé wo ló ń rìn lọ́jọ́ méjì sí Kérésì? Kó rí yunifọ́ọ̀mù yẹn. Kó bèèrè. Kó pe òun, kó bú òun, kó ní kí òun wá gbé ọmọ òun.

Aago mẹ́jọ lù, ó kọjá. Ó yẹ fóònù wò bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó wà. Aago mẹ́sàn-án lù. Ó ní kí Túnbọ̀sún fi fóònù ìyá rẹ̀ pe òun, kó lè mọ̀ bóyá ó ń dún. Ó dún.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí ìpè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

"Tíṣà, a ti dé o!" Ìyá Àṣíáwù ni. "Ọ̀nà já geere. Ọkùnrin kan ló yọjú wò wá lẹ́yìn Ìlóbí. Nígbà tó rí yunifọ́ọ̀mù ọmọ yín, ó rò pé iléèwé la ń gbé e lọ. Ó ní ká máa lọ."