Ìlà Méjì, Orúkọ Kan

Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó dìde. Ti ọwọ́ ọ̀tún nà jáde, ó kan bọ́tìnnì kejì fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ́ọ̀nù ti gbóná. Tótó méjì, àmì róbótó kéékèèké, yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Onítótó ni wọ́n ń pè é. Kí ojú ewé kan tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bèèrè rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìlà kan máa ń ṣáájú rẹ̀: orúkọ lápá òsì, tótó méjì láàárín, iye lápá ọ̀tún. Èdè: Yorùbá. Gígùn: ẹgbàajì. Kọ̀ǹpútà ló ń kà wọ́n. Èèyàn kì í rí wọn. Onítótó ló kọ ètò tó ń tò wọ́n.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an?" ni ìyá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ.

"Mo ń kọ ohun tẹ́nikẹ́ni kì í rí, Màmá."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?" Ìyá ká ìró rẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fura o."

Ohun tẹ́nikẹ́ni kì í rí dára fún ìkà kékeré. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn gbé ife Onítótó, ó mu tíì inú rẹ̀ tán, ó ní òun rò pé tòun ni. Onítótó ò jà. Ó kàn fi ìlà kan kún èyí tó ń dán wò lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Eni-To-Mu-Tii-Mi: Oga. Lọ́jọ́bọ̀, Aláyẹ̀wò, obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, tún mu ún. Ìlà kejì. Orúkọ kan náà, iye mìíràn.

Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé kan tó jẹ́ oníbàárà wọn gbóná. Ètò Onítótó ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Òǹkàwé á wọlé, á yan ìwé, ojú ewé á sì gbàgbé ẹni tó jẹ́.

"Aago méjì," ni Ọ̀gá wí. "Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ. Ìwọ náà á sì bá wọn lọ."

Ó wá ìdí rẹ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó ṣí àwọn ìlà tirẹ̀ kó lè fi para rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Eni-To-Mu-Tii-Mi: Alayewo. Ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá ti pòórá.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ta ló lé Ọ̀gá jáde? Ètò òun fúnra òun ni. Àpótí kan ló ń fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, àpótí náà ò sì gbà ju iye kan lọ. Ìkejì dé, ó ti àkọ́kọ́ síta. Ilé ìkàwé sì ń fi orúkọ kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan ń sọ ẹni tí òǹkàwé jẹ́, ìkejì ń sọ ìwé tó yàn.

"Kí lo rí?" Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó ti ń kà. "Ta ló mu tíì ta?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Aláyẹ̀wò ni mo rí níbí."

"Ohun tó bàjẹ́ gan-an nìyẹn, sà. Ó yẹ kí tiyín ṣì wà níbẹ̀."

"Èmi kẹ̀?" Aláyẹ̀wò fò dìde nídìí tábìlì tirẹ̀. "Fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹnu kàn án!"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ n wá koto kejì."

"Kíá."

Ìlà mẹ́fà nínú ètò náà ló yí padà. Ẹni tó bá dé, kó tò sẹ́yìn ẹni tó bá níwájú. Ó tẹ bọ́tìnnì. Oga. Alayewo. Àwọn méjèèjì tò síra, bí afurasí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Aláyẹ̀wò pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀.

"Mo ti padà," ni Ọ̀gá wí. "Fi ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé. Ètò náà ni o, kì í ṣe èmi."

Ilé ìkàwé ò lọ mọ́. Onítótó náà ò lọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ìlà kan tó kọ tó ń jáde láìjẹ́ pé Ọ̀gá kọ́kọ́ kà á.